Ta Ni Ẹnìkẹta?

Ọ̀rọ̀ ìpàrójẹ ni mo ṣèlérí fún yín pé màá kọ nípa rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn já lu èyí. Ẹ fojú fò mí.

Ọ̀kan nínú yín, tó ń gbé ní Oko Ọba níbí, wá sílé mi ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ń ta pọ̀nmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó wọ ibi ìpẹran. Ẹni tó bá mọ àdúgbò wa mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe ń rí láàárọ̀: trélà tó kó màlúù dé láti Òkè Ọya, ọkọ̀ tó ń kó ẹran jáde, márúwá, ọ̀kadà, àwọn ọmọ tó ń ti bárò, gbogbo wọn lórí ilẹ̀ kan náà, àwọn obìnrin sì tẹ́ ọjà wọn sí etí rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fi ẹ̀yìn rìn, kò sí ẹni tó ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Táyà ẹ̀yìn gun ẹsẹ̀ màmá náà. Egungun ojúgun ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì.

Ìwé tí ọmọ náà mú wá jẹ́ ìwé àdéhùn. Ọ̀gá ọkọ̀ fẹ́ san ₦150,000. Wọ́n ti fẹnu kò sí i ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ohun tó kù ni kí màmá tẹ ìka pé òun ti gba owó, òun kò sì bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ mọ́ láéláé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọmọ sì fẹ́ kí n bá òun túmọ̀ rẹ̀, kí ìyá òun lè gbọ́ ohun tó fẹ́ tẹ̀ka sí. Inú mi dùn pé ó ronú kan ìyẹn. Mo wá bi í pé, "Inṣọ́ránsì ọkọ̀ náà ńkọ́?"

Ó ní, "Sà, tọ́ọ̀dì-pátì lásán ni. Mo rí i nígbà tí wọ́n ń yẹ pátíkúlà rẹ̀ wò. Kì í ṣe kọmpurihẹ́nsífù."

Mo ní, "Ta ni ń jẹ́ tọ́ọ̀dì-pátì?"

Ó wò mí bí ẹni pé ogbó ti ń dà mí láàmú.

Mo ní, "Ìyá rẹ ni."

Ẹ ó rántí kíláàsì ọdún kìíní. Mo, o, ó. Ẹnìkíní ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹnìkejì ni ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ẹnìkẹta ni ẹni tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ lè máà sí níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún yín nígbà náà pé láàárín "o" àti "ó", ohùn nìkan ló wà, ẹni tí kò bá sì fetí sílẹ̀ yóò fi ẹnìkan pe ẹlòmíràn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni ẹnìkíní, òun ló ń san owó. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò ni ẹnìkejì. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ṣe àdéhùn lórí ẹnìkan tí kò sí nínú yàrá, tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀, tí òun náà kò sì mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun. Ó lè jẹ́ ọmọ iléèwé tó ń sọdá títì ní Pẹ́nù Sínímà. Ó lè jẹ́ ìyá oní-pọ̀nmọ́. Ẹni yẹn ni tọ́ọ̀dì-pátì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ sẹ́nu àwa ará ìlú, orúkọ ènìyàn di orúkọ ìwé. Kò tán síbẹ̀, ó tún di orúkọ ìwé olówó pọ́ọ́kú, tí ẹni tí kò lágbára kọmpurihẹ́nsífù ń rà. Awakọ̀ á sọ pé "tọ́ọ̀dì-pátì ni mo ṣe" bí ẹni tó ń sọ pé tòkunbọ̀ lòun wọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ gbá náà á gbọ́ "tọ́ọ̀dì-pátì lásán", á sì rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ fún òun. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kọmpurihẹ́nsífù kan náà ló fi ń bo ẹnìkẹta. Ohun tó fi lé e ni pé ó tún ń tún ọkọ̀ ẹni tó rà á ṣe. Sí ẹsẹ̀ màmá yẹn, ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Báwo ni òfin náà ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Ní oṣù kẹjọ 1896, mọ́tò kan gbá obìnrin kan tó ń fẹsẹ̀ rìn, Bridget Driscoll, pa ní Crystal Palace nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni àwọn òpìtàn sábà máa ń kà sí ẹlẹ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mọ́tò pa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà yẹn, kì í ṣe pé òfin kò sí. Ẹni tí wọ́n bá ṣe léṣe lè pe ẹni tó ṣe é lẹ́jọ́, láti 1846 sì ni òfin ibẹ̀ ti gbà kí ẹbí ẹni tó kú pàápàá béèrè owó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí adájọ́ bá dá ẹjọ́ tán, wọ́n lè tú ilé awakọ̀ kí wọ́n máà rí kọ́bọ̀. Ìdájọ́ wà lọ́wọ́, owó kò sí. Bí mọ́tò ṣe ń pọ̀ sí i ni irú ìdájọ́ òfìfo bẹ́ẹ̀ ń pọ̀. Ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà sọ inṣọ́ránsì ọkọ̀ di dandan láti 1927. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn ní 1930, ọdún yẹn náà ni wọ́n sì ṣe òfin kejì pé bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá wọ gbèsè, owó inṣọ́ránsì kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè. Ẹni tó fara pa ló ni ín.

Tiwa dé ní 1945. Ọdún yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ reluwé àti òṣìṣẹ́ ìjọba da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, Arthur Richards sì ni gómìnà. Ìjọba amúnisìn kọ òfin inṣọ́ránsì ẹnìkẹta, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 1950 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. (Ọjọ́ tí àwọn òyìnbó fi ń tan ara wọn jẹ ni o, ṣùgbọ́n ti òfin yìí kì í ṣe àwàdà.)

Ẹ wo bí agbègbè wa ti rí nígbà náà. Ojú irin láti Èkó lọ Abẹ́òkúta ti gba Agége kọjá láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Obì Agége ń bá reluwé gòkè lọ sí Òkè Ọya. Ìkẹjà àti Agége kò tilẹ̀ sí lábẹ́ Èkó. Ìwọ̀-Oòrùn ló ni wọ́n, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló sì pín ilẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà láàárín ọdún 1950 sí 1960, kí ìpínlẹ̀ Èkó tó dáyé ní 1967. Bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ ni lọ́rì ń pọ̀ lórí ọ̀nà Abẹ́òkúta àtijọ́. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà ti wà. Royal Exchange ti ní ẹ̀ka ní Èkó láti 1921. Ṣùgbọ́n ọjà oníṣòwò àti ilé olówó ni iṣẹ́ wọn dá lé. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kì í ṣe oníbàárà wọn.

Àwọn awakọ̀ ìgbà yẹn ní inṣọ́ránsì tiwọn o. Wọ́n ń bọ Ògún, wọ́n so ìgbàdí, wọ́n wọ òrùka, àwọn mìíràn sì ní egbé, èyí tí wọ́n gbàgbọ́ pé ó máa ń gbé olówó rẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ kí jàmbá tó ṣẹlẹ̀. N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí egbé. Mo kàn fẹ́ kí ẹ kíyè sí i pé ẹni tó so ó mọ́ra nìkan ló ń gbé. Nínú gbogbo ìtàn egbé tí mo gbọ́ nígbà èwe mi, n kò gbọ́ ọ̀kan tó gbé ẹni tí lọ́rì fẹ́ gbá.

Ẹni yẹn gan-an ni òfin 1945 ń wò. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà ìjọba láìsí inṣọ́ránsì tó bo ikú tàbí ìpalára ara ẹlòmíràn. Ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ikú tàbí ìpalára ara. Kò sọ̀rọ̀ bọ́ńpà. Kò sọ̀rọ̀ iná ẹ̀yìn. Ó tún ní bí ilé-ẹjọ́ bá dá ẹnìkẹta láre, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló máa san owó náà fún un, kò sì lè máa fi ìjà òun àti oníbàárà rẹ̀ dí i lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní ẹ̀sùn láàárín ara wọn, kí wọ́n yanjú rẹ̀ lẹ́yìn. Nínú òfin àdéhùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan ńlá nìyẹn, torí àṣà wọn ni pé ẹni tí kò sí nínú àdéhùn kò lè fi àdéhùn náà gba nǹkan ní kóòtù.

Òfin náà ní àléébù. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹnìkẹta. Ọmọ ọkọ̀ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Òfin òṣìṣẹ́ ló ń bójú tó o, lónìí ó wà lábẹ́ NSITF láti ìgbà tí òfin ti 2010 dé. Ti èrò inú ọkọ̀ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹni tó san owó ọkọ̀ nínú bọ̀lẹ̀kájà wà lábẹ́ ààbò òfin, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí wọ́n fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gbé lọ́fẹ̀ẹ́, òfin kò fi dandan lé e pé kí wọ́n bo òun. Ẹni tó jókòó lórí pákó sàn ju ẹni tó jókòó lórí tìmùtìmù lọ!

Láti ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ nǹkan yí padà lójú ọ̀nà wa. A kúrò ní apá òsì, a bọ́ sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Owó epo rọ̀pìtì dé, ọ̀nà márosẹ̀ dé, òkú pọ̀ lórí wọn débi pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1977, àwọn tí ẹ mọ̀ sí Májàmájà, kí ti ìjọba àpapọ̀ tó dé ní 1988 pẹ̀lú Wọlé Ṣóyínká gẹ́gẹ́ bí alága. Ní 1982, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ̀wé ní Kútọnu lórí káàdì aláwọ̀ ilẹ̀, Brown Card, kí ọkọ̀ tó bá ti Sẹmẹ kọjá má bàa ṣe ènìyàn léṣe níbi tí ìwé inṣọ́ránsì rẹ̀ kò ti já mọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ni òfin inṣọ́ránsì 2003, èyí tí mo rò pé ó yí ojú wa kúrò lára ènìyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun rere ló fẹ́ ṣe. Ó fi dúkìá kún ohun tí ìwé ẹnìkẹta gbọ́dọ̀ bò: ó kéré tán, mílíọ̀nù kan náírà. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ṣàlàyé tọ́ọ̀dì-pátì fún yín, ọkọ̀ tí wọ́n kọ lù ló máa fi ṣàpẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, NAICOM gbé owó rẹ̀ fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ₦5,000 sí ₦15,000, ààbò dúkìá sì di mílíọ̀nù mẹ́ta. Ti ọkọ̀ akẹ́rù di ₦100,000, pẹ̀lú mílíọ̀nù márùn-ún. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2025, ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọdún yẹn náà, Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tó kó àwọn òfin inṣọ́ránsì àtijọ́ jọ. Nínú gbogbo ariwo yẹn, mílíọ̀nù mẹ́ta ti mọ́tò ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Ẹsẹ̀, ẹ̀yìn, ojú, ẹ̀mí, tí òfin tìtorí wọn bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó ń dárúkọ wọn.

Kí ló wá ń gba ipò inṣọ́ránsì nígbà tí ó bá di ti ara ènìyàn? Ọ̀rọ̀ kan tí a ti ní tipẹ́tipẹ́ ni: owó gbà-máà-bínú.

N kò ní bú gbà-máà-bínú. Ọ̀rọ̀ tó mọ́yán lórí ni. Ẹ pín in wò: "gba" ni iṣẹ́ ẹni tó ń gbà, "máà bínú" ni ẹ̀bẹ̀ ẹni tó ń fún un. Owó náà ń parí ìjà. Ó dára láàárín ará ilé àti aládùúgbò, níbi tí ojú yóò tún ti máa rí ojú. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó ń lò ni ìbínú, kì í ṣe ìpalára. Nítorí náà, olóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ á gba díẹ̀, olóògùn ẹnu á gba púpọ̀. Agbára ẹni tó ń fún ni ló tún ń wò: bí awakọ̀ bá dọ̀bálẹ̀ tó ń sunkún, owó á já wálẹ̀. Àwọn àgbà àdúgbò á ní, "Ìyá, ẹ fi ṣe ti Ọlọ́run, ọmọ yìí kò mọ̀ọ́mọ̀." Òótọ́ ni, kò mọ̀ọ́mọ̀. Ìdí tí wọ́n fi ní kí ọ̀gá rẹ̀ san inṣọ́ránsì nìyẹn.

"Adójútòfò" yàtọ̀. A-dójú-ti-òfò: òfò ni wọ́n ń dójú tì, kì í ṣe ènìyàn. Kò sí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sí ẹni tó ń bínú. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ dá a, ṣùgbọ́n ó gbọ́ èdè.

Mo bá kó ìwé àdéhùn náà fún ọmọ náà padà. Mo ní kí ìyá rẹ̀ má tẹ̀ka sí nǹkan kan tó sọ pé "kò sí ẹjọ́ mọ́". Bí ọ̀gá ọkọ̀ bá fẹ́ san owó ilé-ìwòsàn báyìí, ẹ gbà á, ẹ fún un ní rìsíìtì, kí rìsíìtì sọ pé owó ìtọ́jú ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ́jú ẹsẹ̀ tó fọ́ kì í tán nínú oṣù kan. ₦150,000 lè máà tó irin tí wọ́n fẹ́ fi sínú rẹ̀, ká má tiẹ̀ sọ oṣù mélòó tí pọ̀nmọ́ kò ní tà.

Lẹ́yìn náà la wá nọ́ńbà ọkọ̀ náà nínú àkójọ NIID, tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò dá sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ló lè yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìwé bá jẹ́ fèkí, kò ní sí níbẹ̀. Ọkàn mi ń lù kìkì, torí ayédèrú pọ̀ nínú ìwé ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n ti ọkọ̀ yìí jáde, orúkọ ilé-iṣẹ́ àti ọjọ́ tó máa parí pẹ̀lú. (Ká ní kò sí níbẹ̀, tàbí ká ní ọkọ̀ náà sá lọ, òfin 2003, kí òfin tuntun ti 2025 tó dé, sọ pé kí NAICOM ya owó kan sọ́tọ̀ fún ẹni tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá pa tàbí tó bá sọ di aláàbọ̀ ara títí láé. Ẹsẹ̀ tó ṣì lè san kò sí nínú ìyẹn.)

A kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà: ọjọ́, àkókò, ibi, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ ẹni tó fara pa. A fi ìwé ìròyìn ọlọ́pàá, ìwé dókítà àti fọ́tò X-ray mọ́ ọn, pẹ̀lú gbogbo rìsíìtì, títí kan ti kẹ̀kẹ́ tó gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn. Ọmọ náà gba orúkọ ẹlẹ́rìí méjì láàárín àwọn tó ń tajà níbẹ̀. Ẹ má fi lẹ́tà yẹn falẹ̀. Lábẹ́ òfin 1945, kí òfin tuntun ti 2025 tó dé, bí ó bá di ẹjọ́, ilé-iṣẹ́ adójútòfò gbọ́dọ̀ ti gbọ́ kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tàbí láàárín ọjọ́ méje tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdájọ́ tó yẹ kó mú owó wá lè di òfìfo torí lẹ́tà kan tí wọn kò kọ. Bí ó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló gbá yín, oṣù mẹ́ta péré ni òfin fún yín láti pè é lẹ́jọ́. Oṣù mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń retí pé kí ọ̀gá wá bẹ àwọn.

Ohun kan ṣì wà tó yẹ kí n sọ. Ilé-ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé màmá náà dé ní kí wọ́n lọ mú owó àsansílẹ̀ wá kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Òfin ìlera ti 2014, abala ogún, sọ pé kò sí ilé-ìwòsàn tó gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ìtanràn rẹ̀ jẹ́ ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ sọ ọ́ sókè bí ó bá kàn yín, ẹ dárúkọ òfin náà. Nígbà mìíràn, ẹnu lásán máa ń ṣiṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà ti fèsì báyìí. Wọ́n fẹ́ rí ìwé dókítà tuntun lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọn kò sì tíì sọ iye kankan. Ọ̀gá ọkọ̀ bínú sí wa díẹ̀. Ó ní a ń kó òun sí wàhálà. Ọmọ náà fi ìwé inṣọ́ránsì hàn án pé owó rẹ̀ kọ́ ni à ń béèrè, ti ìwé tó ti sanwó fún lọ́dọọdún ni. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà á gbọ́.

Mo lọ kí màmá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó na ẹsẹ̀ sórí àga, ọmọ àbúrò rẹ̀ ló ń bá a tajà. Mo jókòó, mo ṣàlàyé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí fún un ní Yorùbá: ẹnìkíní, ẹnìkejì, ẹnìkẹta. Ó gbọ́ mi títí, ó wá ní, "Bàbá, èmi tí mọ́tò gun lẹ́sẹ̀, èmi náà ni wọ́n tún tò sí ìkẹta?"

N kò rí èsì fọ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tún ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà.